Ojú Lọ̀rọ̀ Wà, Kì í Ṣe Ara Páálí

Ní ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù géèmù tó wà ní àdúgbò wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ló dìde sí ara wọn. Ọ̀kan ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀, èkejì jẹ́ mẹkáníìkì. Kí ló dé? Ṣé nítorí obìnrin ni? Rárá o. Ṣé owó ni ọ̀kan jẹ èkejì? Kì í ṣe owó. Nítorí àwòrán ni! Télọ̀ ní kò sí ẹ̀rọ géèmù tí àwòrán rẹ̀ mọ́ tó ti PlayStation 5 láyé yìí. Mẹkáníìkì ní irọ́ gbuu ni, ó ní Xbox Series X ni bàbá gbogbo wọn. Èyí ní 8K ni wọ́n kọ sára páálí tòun, ìyẹn ní kí ó lọ wo agbára tó wà nínú tòun. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, wọ́n ti di ara wọn ní kọ́là ẹ̀wù.

Èmi tí mo lọ pe ọmọ mi wálé ni mo bá wọn là á. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, èwo nínú yín ló ní èyí tó ń jà fún nílé?" Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó ní. PlayStation 4 tòkunbọ̀ ni wọ́n ń sanwó gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ níbẹ̀. Mo wá yíjú sí tẹlifíṣọ̀n tó wà níwájú wọn. Íńṣì 32 ni, irú èyí tí wọ́n kọ "HD Ready" sí lára. Bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ méjèèjì tí wọ́n torí rẹ̀ ń jà wá síwájú tẹlifíṣọ̀n yẹn, kò lè fi ìyàtọ̀ tí wọ́n ń wí hàn wọ́n láéláé. Àfi bí ìgbà tí ọdẹ méjì bá ń jà lórí bí wọn yóò ti pín ẹran tó ṣì ń jẹko nínú igbó.

Mo bá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kú mọ́ mi lẹ́nu nígbà tí télọ̀ dá mi lóhùn. Ó ní, "Dádì, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Owó tí mo ń dá sí àjọ láti fi ra máṣíìnì nígbà tí mo bá gba fúríìdọ́ọ̀mù, tèmi ni mo máa fi rà. Ẹ ó rí 8K nígbà yẹn."

Háà! Owó máṣíìnì ìránṣọ! Irinṣẹ́ tí yóò fi jẹun, tí yóò fi fẹ́ ìyàwó, tí yóò fi tọ́jú ìyá rẹ̀, ni ó fẹ́ fi ra nọ́ńbà kan àti lẹ́tà kan tí wọ́n tẹ̀ sára páálí.

Mi ò bú u. Ẹnu mi kò gbà á láti bú u, nítorí èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún 2021, dókítà ojú sọ fún mi pé ojú mi ò ríran jìnnà dáadáa mọ́, kí n lọ ra awò. Mo ń tọ́jú owó awò náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọdún Kérésì kù sí dẹ̀dẹ̀, ọmọ mi ṣe dáadáa nínú ìdánwò, mo sì ti ṣèlérí fún un pé màá ra ẹ̀rọ géèmù tuntun fún un. Mo dé ọ̀dọ̀ olùtajà kan. Ó gbé ọ̀kan nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sí mi níwájú. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ wo ibí yìí, 4K ni, ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá gbé e délé, òógùn ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù lẹ máa máa rí!" Mo kó owó awò jáde, mo fi owó oúnjẹ lé e, mo rà á.

A gbé e délé. A so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n wa. Èmi ò rí òógùn kankan o. Mo sún mọ́ ọn, mo tún jìnnà sí i. Bó ṣe rí lórí ẹ̀rọ àtijọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lójú mi. Nígbà tí mo padà lọ bá olùtajà náà, kò tilẹ̀ tijú. Ó ní ẹ̀rọ ò ṣe nǹkan kan, pé tẹlifíṣọ̀n mi ló kéré, kí n wá ra ńlá. Ó ní òun ní ọ̀kan nílẹ̀.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo tó rówó ra awò. Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lò ó, mo jókòó sórí àga mi, ọmọ mi sì ti so ẹ̀rọ àtijọ́ padà nítorí géèmù kan tó fẹ́ràn. Ẹ gbọ́ o: láti orí àga mi yẹn ni mo ti ka nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí ẹ̀rọ àtijọ́! Lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́! Ojú mi ló kùnà, kì í ṣe ẹ̀rọ. Mo ti ra ohun tí mi ò nílò, mo sì fi ohun tí mo nílò sílẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi mú gègé mi. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀rọ géèmù, kì í ṣe òun ni àwòrán tí ojú yín yóò rí. Ẹni tó bá sì ń torí nọ́ńbà náà bá ẹnìkejì rẹ̀ jà, ó ń bá ilé-iṣẹ́ kan polówó lọ́fẹ̀ẹ́ ni, ó tún ń san owó lé e.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí àwọn nọ́ńbà náà ń wí ná. Ẹ wo adé oní-ìlẹ̀kẹ̀. Ẹni tó ń ṣe adé máa ń to ìlẹ̀kẹ̀ pọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí tí ojú, imú àti ẹnu yóò fi yọ. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá tóbi, tí kò sì pọ̀, ojú tí yóò yọ á rí jákujàku. Bó bá kéré, tó sì pọ̀, ojú náà á yọ kedere. Bákan náà ni àwòrán tẹlifíṣọ̀n: ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kéékèèké ni wọ́n tò jọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní 720p ní ẹyọ 1,280 ní ìbú àti 720 ní òòró. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 921,600. 1080p jẹ́ 1,920 lọ́nà 1,080, èyí tí í ṣe 2,073,600. 4K jẹ́ 8,294,400, ìlọ́po mẹ́rin 1080p géérégé. 8K sì lé ní mílíọ̀nù 33.

Títí dé ibí yìí, òótọ́ ni àwọn tó ń tajà ń sọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ẹni mẹ́ta ló ń gbé àwòrán yẹn kí ó tó dé ojú wa. Èkíní ni géèmù fúnra rẹ̀, òun ló ń ya àwòrán. Èkejì ni ẹ̀rọ, òun ló ń fi àwòrán ránṣẹ́ gba inú wáyà. Ẹ̀kẹta ni tẹlifíṣọ̀n, òun ló ń gbà á. Nọ́ńbà ara páálí, ti ẹnì kejì nìkan ni. Ó ń sọ ibi tí agbára ẹ̀rọ láti fi àwòrán ránṣẹ́ mọ. Kò sọ iye ẹyọ tí géèmù yà, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ irú tẹlifíṣọ̀n tó wà ní pálọ̀ yín.

Bí géèmù bá ya èyí tó kéré ńkọ́? Ẹ̀rọ á fẹ̀ ẹ́ kí ó tó fi ránṣẹ́. Ẹ bu gààrí kọ́ọ̀pù kan sínú abọ́, kí ẹ bu omi lé e. Á wú, á kún abọ́. Ṣé ó ti wá di kọ́ọ̀pù mẹ́ta? Kọ́ọ̀pù kan náà ni o! Bẹ́ẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n lè kọ 1080p sí yín lójú, kí ó jẹ́ pé gààrí tó wú ni ẹ̀ ń wò.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń bá wa ta irú ọjà yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, ilé-iṣẹ́ Microsoft ti Amẹ́ríkà gbé Xbox 360 jáde. Ariwo "high definition" gba ayé kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ jáde yẹn kò ní ihò HDMI rárá. Wáyà oríṣi mìíràn ló ń lò, 720p àti 1080i ló sì ń fi ránṣẹ́. Lẹ́tà "i" yẹn ń sọ pé ìdajì àwọn ìlà ló ń yọ lẹ́ẹ̀kan, tí ìdajì kejì á sì tẹ̀lé e. "P" ni èyí tí gbogbo ìlà ń yọ pọ̀. Ní ìparí ọdún 2006 ni wọ́n tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì fi àtúnṣe ránṣẹ́ kí ó lè ṣe 1080p. Ọdún 2007 ni èyí tí wọ́n pè ní Elite gbé HDMI dé.

Sony ti Jàpáànì kò gbẹ́yìn. Wọ́n gbé PlayStation 3 jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2006. Ó ní HDMI, ó ní 1080p, ó sì ń lo àwo Blu-ray. Owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ dọ́là 499 fún kékeré, dọ́là 599 fún ńlá. Ẹ wá gbọ́ ohun tó wà nínú páálí! Wáyà tí wọ́n fi sínú rẹ̀ ni wáyà yẹ́lò, pupa àti funfun tí gbogbo wa mọ̀ láti ayé fídíò, èyí tí kò lè gbé "high definition" kankan. Ẹni tó san dọ́là 599, tí kò sì mọ̀ pé òun yóò dá wáyà mìíràn rà, àwòrán ayé àtijọ́ ló ń wò, tó sì ń fi yangàn ládùúgbò.

Àwọn géèmù fúnra wọn ńkọ́? Ní ọdún 2007, Halo 3 jáde lórí Xbox 360, òun sì ni Microsoft fi ń fọ́nnu jù. Kò tilẹ̀ tó 720. Bungie tó ṣe é ló fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé 1,152 lọ́nà 640 ni ó ń yà, tí ẹ̀rọ sì ń fẹ̀ ẹ́. Ní ọdún yẹn kan náà, Call of Duty 4 jáde fún ẹ̀rọ méjèèjì. 1,024 lọ́nà 600 ni ó yà lórí Xbox 360. Mélòó ló wá yà lórí PlayStation 3 tí wọ́n ní 1080p ni? 1,024 lọ́nà 600! Ẹyọ 614,400 péré, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta 1080p. Gbogbo àwọn tó ń bú ìyá ara wọn nítorí rẹ̀, kọ́ọ̀pù gààrí kan náà ni wọ́n jọ ń mu. Síbẹ̀, ta ló sọ pé géèmù náà burú? Àwọn ènìyàn gbádùn rẹ̀ dọ́ba, nítorí ó ń yára: àwòrán 60 ló ń gbìyànjú láti yà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ọwọ́ ẹni sì ń bá ojú ẹni mu.

Èyí tó wá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni ti Nintendo. Àwọn náà gbé Wii jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2006. Ibi tí agbára rẹ̀ mọ ni 480p. Kò ní "high definition" páàpáà. Àwọn ọlọ́pọlọ pípé fi ṣẹ̀sín, wọ́n ní nǹkan ìṣeré ọmọdé ni. Ta ló wá tà jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Xbox 360 tà ju mílíọ̀nù 84 lọ, PlayStation 3 tà ju mílíọ̀nù 87 lọ, Wii tí àwòrán rẹ̀ kò mọ́ tó tiwọn tà ju mílíọ̀nù 101 lọ. Bàbá àti ìyá àgbà dìde lórí àga, wọ́n ń ju ọwọ́ níwájú tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú ọmọ-ọmọ wọn. Eré ni wọ́n rà, wọn ò ra nọ́ńbà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa yọ ṣùtì sí mi. Wọ́n á ní, "Ọ̀gbẹ́ni oníwèé ìròyìn yìí, ti àtijọ́ lo ń sọ. Ṣé o fẹ́ sọ pé ìyàtọ̀ ò sí rárá ni?" Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Irọ́ ò dáa lẹ́nu àgbà. Ìyàtọ̀ wà nígbà mìíràn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, PlayStation 4 àti Xbox One jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan síra wọn. Géèmù kan wà, Call of Duty: Ghosts. Ó yà 1080p lórí PlayStation 4, 720p ló sì yà lórí Xbox One. Ìyẹn ju ìlọ́po méjì lọ. Òótọ́ pọ́nńbélé ni, ẹni tó bá jókòó sí ibi tó yẹ, níwájú tẹlifíṣọ̀n tó yẹ, yóò rí i.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ: ibi tó yẹ, àti tẹlifíṣọ̀n tó yẹ. Ojú ọmọ ènìyàn ní òdiwọ̀n. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá jìnnà sí ọ, o ò ní lè ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́, ojú adé nìkan ni wàá máa rí. Lórí tẹlifíṣọ̀n íńṣì 32, bí ẹ bá ti jókòó jìnnà tó bíi ẹsẹ̀ bàtà 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú tó dá ṣáṣá pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ lè mọ 720p yàtọ̀ sí 1080p. Lórí íńṣì 55, bí ẹ bá ti ju bíi ẹsẹ̀ bàtà 8 lọ, 4K àti 1080p á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan náà. Ẹ mú okùn ìwọ̀n télọ̀, kí ẹ wọn pálọ̀ yín láti orí àga dé ara ògiri. Ẹ̀yin fúnra yín á rí ìdáhùn.

Àwọn tẹlifíṣọ̀n íńṣì 32 tó pọ̀ jù lọ lọ́jà wa, 1,366 lọ́nà 768 ni wọ́n. Ẹni tó tà á lè sọ fún yín pé ó ń gba 1080, kì í sì í ṣe irọ́: ó ń gbà á. Ṣùgbọ́n gbígbà kọ́ ni fífi hàn. Ó ń gba ẹyọ mílíọ̀nù méjì, ó ń fún un pọ̀ títí yóò fi ku mílíọ̀nù kan. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa fún PlayStation 5 pọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa fún Xbox Series X pọ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tó gbé erin wọ ihò eku, kí ló fẹ́ kó ṣẹlẹ̀?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo 8K tí télọ̀ fẹ́ fi owó máṣíìnì rà. PlayStation 5 àti Xbox Series X jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2020. Méjèèjì lè fi 4K ránṣẹ́, kódà àwòrán 120 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Sony kọ 8K gàdàgbà sára páálí. Microsoft náà ò ṣàì dárúkọ 8K nígbà tí wọ́n ń polówó tiwọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn géèmù tó ń jáde kò tilẹ̀ ń ya 4K ní kíkún, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń yà, tí wọ́n sì ń fẹ̀ ẹ́, nítorí bí àwòrán bá pọ̀ jù, ẹ̀rọ á máa lọ́ra. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú wọn fi ń ní kí ẹ mú ọ̀kan: ṣé kí àwòrán mọ́ ni tàbí kí eré yára? Ẹni tó ní agbára 8K nílẹ̀, ṣé ó yẹ kí ó máa bi wá ní irú ìbéèrè yẹn? Ní ọdún 2024, Sony rọra yọ 8K yẹn kúrò lára páálí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti èyí ò tilẹ̀ tó ogún ọdún, kò tó ọdún márùn-ún. Àwọn tó kọ ọ́ ti pa á rẹ́, ọmọ wa ṣì fẹ́ torí rẹ̀ na ara wọn ní ṣọ́ọ̀bù!

Ẹ tún gbọ́ èyí tó yẹ kó dùn yín jù. Ọpọlọ tó wà nínú PlayStation 5 àti èyí tó wà nínú Xbox Series X, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ti wá: AMD ti Amẹ́ríkà. Òun náà ló ṣe ti PlayStation 4 àti ti Xbox One. Alágbẹ̀dẹ kan ṣoṣo ló rọ àdá méjèèjì, ẹ̀yin wá ń bi ara yín pé àdá ta ló mú jù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, Sony àti Microsoft jọ jókòó, wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé àwọn fẹ́ jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní ọdún 2024, Microsoft kó Sea of Thieves, géèmù tirẹ̀, lọ tà lórí PlayStation 5. Àwọn ọlọ́jà ti jọ ń jẹun nínú abọ́ kan, ẹ̀yin oníbàárà ṣì ń bá ara yín yan odì. Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, mi ò bá ẹni tó ń ta ọjà rẹ̀ wí. Ẹni tí mò ń bá wí ni ẹni tí kò ní ìpín nínú èrè, tó ń fi ọ̀fun ara rẹ̀ polówó, tó tún fẹ́ kan ìkúùkù lé e.

Ẹlòmíràn á ní, "Owó mi ni, ohun tó wù mí ni mo máa fi ṣe." Òótọ́ lo sọ, arákùnrin. Bí o bá ti jẹun yó, tí o ti san owó ilé, tí owó ilé-ìwé ọmọ ti wà nílẹ̀, tí o sì ní tẹlifíṣọ̀n íńṣì 65 tó jẹ́ 4K, ra èyí tó bá wù ọ́, kí o sì gbádùn rẹ̀. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Mi ò kórìíra géèmù. Èmi àti ọmọ mi jọ ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀, ó sì máa ń nà mí lójoojúmọ́. Àwọn tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ni àwọn tí wọ́n ń yá owó, tí wọ́n ń kó àjọ, tí wọ́n ń ta irinṣẹ́ nítorí ohun tí ojú wọn kò ní rí.

Kí ni kí ẹ wá ṣe? Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ kọ́kọ́ yẹ tẹlifíṣọ̀n yín wò, kí ẹ mọ nọ́ńbà tirẹ̀ gan-an, kì í ṣe èyí tó ń gbà. Bó bá jẹ́ 768, ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tó ń ṣe 1080p ti tó yín, ó tilẹ̀ ti lé.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ wo wáyà. Bó bá jẹ́ yẹ́lò, pupa àti funfun lẹ ṣì ń lò lára ẹ̀rọ tó ní HDMI, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ lónìí. Wáyà HDMI ni kí ẹ rà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta èyí tí wọ́n fi wúrà ṣe létí fún yín ní owó gọbọi. Bí iṣẹ́ tí wáyà HDMI ń jẹ́ bá ti dé pé, ó dé pé nìyẹn. Bí kò bá dé, àwòrán á máa já tàbí kí ó má yọ rárá. Wáyà olówó iyebíye kò lè mú àwọ̀ pupa pọ́n ju bó ti yẹ lọ.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ wọ inú ètò tẹlifíṣọ̀n àti ti ẹ̀rọ. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Game Mode" sí, kí ẹ tàn án, kí ọwọ́ yín lè máa yá bí ojú yín. Ẹ wò ó bóyá tẹlifíṣọ̀n ń gé etí àwòrán dànù, bóyá dúdú ń rí bí eérú, tàbí bóyá ibi òkùnkùn ṣú jù tí ẹ ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ẹ̀rọ ń sọ èdè kan nípa dúdú àti funfun, tí tẹlifíṣọ̀n ń gbọ́ òmíràn. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ méjì wé ara wọn, tí ti ọ̀kan sì ṣe ràkọ̀ràkọ̀ ju ti èkejì lọ, ètò yìí ló sábà máa ń fà á. Ọ̀fẹ́ ni àtúnṣe rẹ̀. Kò sí olùtajà tó máa sọ fún yín, nítorí kò sí owó níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin, ẹ sún àga yín. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ẹ lọ yẹ ojú yín wò lọ́dọ̀ dókítà. Èmi tó ń sọ ọ́ mọ ohun tí mo fojú rí, àti ohun tí mi ò rí.

Ọmọ mi télọ̀, mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ka ìwé yìí sí ọ létí, bí ìwọ náà kò bá kà á. Mi ò fẹ́ bú ọ. Oṣù mẹ́rin ló kù tí wàá gba fúríìdọ́ọ̀mù. Máṣíìnì ni kí o rà. Bí o bá rán aṣọ fún ọdún kan, tí owó wọlé, tí géèmù sì ṣì wù ọ́, wá bá mi nílé. Èmi fúnra mi á tẹ̀ lé ọ lọ sọ́jà, a ó sì kọ́kọ́ wo tẹlifíṣọ̀n rẹ kí a tó wo páálí ẹnikẹ́ni.